ABÉÈRÈ KÌ Í ṢÌNÀ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìrànlọ́wọ́ Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ní Ọ́tísíìmù

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fojú rí ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí orí rẹ̀ pé, tó ń kàwé tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè nínú iṣẹ́ tó yàn láàyò, yóò ṣàlàyé rẹ̀ débi pé olùkọ́ gan-an yóò tẹ́tí. Síbẹ̀, nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, orúkọ rẹ̀ a wà lára àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ní kó máa lọ sílé. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alárìnkiri. Kí ló wá fà á?

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè fà á, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísíìmù. Kókó kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí gbìn sí wa lọ́kàn ni pé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìrànlọ́wọ́ kì í wá ẹni wá sílé. Ẹni tó nílò rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀, kó béèrè rẹ̀ lásìkò, kó sì mọ ohun tó ń béèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

1. KÍ NI Ọ́TÍSÍÌMÙ?

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tó ń ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Ọ̀nà tí ọpọlọ ẹlòmíràn gbà ń ṣiṣẹ́ ni, láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, tó sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1943, Dókítà Leo Kanner ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí ọmọ 11 tó ṣàkíyèsí pé wọ́n ní irú ìṣesí yìí. Ní ọdún 1944, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní ìlú Vienna. Lóde òní, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba lára ènìyàn. Ẹlòmíràn wà tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá, tó nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Ẹlòmíràn sì wà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ló ní in. Nítorí náà, kò sí àdúgbò tí kò sí.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀ lára ọ̀dọ́ tó ti dàgbà? Ẹ jẹ́ kí a wo àṣà tiwa. Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Lọ́dọ̀ ẹni tó ní ọ́tísíìmù, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sábà máa ń dúró ní ààbọ̀. Bí olùkọ́ bá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ yege yóò mọ ohun tó yẹ kó kà," àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti mọ̀ pé orí kẹta ìwé ni olùkọ́ ń sọ. Òun á lọ máa ka gbogbo ìwé láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀fẹ̀ lè rú u lójú. Kíka ìrísí ojú ènìyàn lè ṣòro fún un. Ó lè gba ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ kọjá láìkí i, kí wọ́n ní agbéraga ni. Ó lè má wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n ní ó ń purọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀, iná tó ń ṣẹ́jú, òórùn ọbẹ̀ àti èrò púpọ̀ lè dùn ún lára bí ẹni tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún. Ìyípadà òjijì nínú ètò lè dà á láàmú fún odindi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, yóò gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ fi etí sí èyí. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní ọ́tísíìmù ni ẹnikẹ́ni kì í tètè mọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wo bí àwọn ọmọbìnrin yòókù ṣe ń rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, ẹkún ni wọ́n ń sun lórí ibùsùn, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ó yẹ kí á mọ ohun tí kì í fà á pẹ̀lú. Nígbà kan rí, àwọn dókítà kan lókè òkun di ẹ̀bi náà ru àwọn ìyá, wọ́n ní wọn kò fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ. Ìmọ̀ ti fi hàn pé irọ́ ni. Ohun tí a ti mọ̀ ni pé ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Nílé tiwa, àwọn kan a ní àlùjọ̀nnú ló bá ọmọ náà jà, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Àdúà dára, kò sì sí ẹni tó ní kí á má ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a de ọmọ mọ́lẹ̀, kí a fi ẹgba lé nǹkan tí kò sí jáde lára rẹ̀, ìpalára ni, kì í ṣe ìwòsàn.

2. KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń YỌJÚ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍGA?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, aago ló ń pe ọmọ wọlé, aago ló ń pè é jáde. Àga rẹ̀ kì í yí padà. Ìyá rẹ̀ ń jí i, olùkọ́ kíláàsì mọ orúkọ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti mọ ìwà rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ètò yẹn fúnra rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Bó bá dé yunifásítì, politẹ́kíníìkì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, gbogbo ètò yẹn wó lọ́jọ́ kan. Wọ́n lè yí ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ẹ̀kọ́ padà ní wákàtí kan ṣáájú, kó jẹ́ pé àwọn tó ní ọ̀rẹ́ nìkan ló gbọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún á kún gbọ̀ngán tí kò gbà wọ́n. Láti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, yóò to ìlà ní ọ́fíìsì méje. Nínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹni mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń gbàlejò, wọ́n ń tan rédíò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì dé ìwọ̀n ìdá 75 nínú 100 kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Máàkì 30 tàbí 40 nínú 100 sì wà fún tẹ́ẹ̀sì àti asáìnmẹ́ǹtì, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe.

Ẹ wá wò ó: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹgbẹ́ tó gbà á wọlé ti pàdánù máàkì kí ìdánwò tó dé. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ náà. Òye iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n fi gbé e ṣubú. Bí a ṣe ń bá ayé rìn ni. Ohun tó wà nínú ewu nìyí: ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ọ̀dọ́, owó tí òbí fi ilẹ̀ àti ọjà wá, àti ìgbàgbọ́ ọmọ náà pé òun wúlò.

3. KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń kàwé lókè òkun, ọ̀pọ̀ sì ń gbèrò àtilọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ kí a tó padà sílé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní IDEA ló ń ṣọ́ ọmọ títí yóò fi parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ilé-ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ wá ọmọ náà rí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì pe òbí jókòó láti ṣètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wọ yunifásítì, òfin yẹn kò bá a débẹ̀ mọ́. Òfin tó kù fún un ni Section 504 ti ọdún 1973 àti ADA ti ọdún 1990. Wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n sì ṣe àtúnṣe tó bá tọ́ fún un, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ sọ pé báyìí lòun ṣe rí, kó sì mú ìwé ẹ̀rí dání. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-ẹ̀kọ́ kì í bá òbí sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu ọmọ. Ìyá tó ti ń gbẹnu sọ fún ọmọ láti ọdún mẹ́fà yóò kàn rí i pé ilẹ̀kùn ti.

Ní Bìrìtéènì, òfin Equality Act ti ọdún 2010 ló pa á láṣẹ kí yunifásítì ṣe àtúnṣe tó bá tọ́. Owó ìrànwọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Disabled Students' Allowance, tí a kì í san padà. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí olùgbé tó tọ́ lábẹ́ òfin nìkan ló wà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Nàìjíríà lọ kì í rí i gbà, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2010 náà dáàbò bo òun pẹ̀lú. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àlejò kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe.

Nílé ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2018. Kì í ṣe afọ́jú àti arọ nìkan ló wà fún. Ó kan ìpèníjà ti ọpọlọ àti ti òye náà. Ó ní akàndá ẹ̀dá lẹ́tọ̀ọ́ láti kàwé láìsí ìyàsọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ipò rẹ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó ṣe méjèèjì. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, 1,000,000 náírà ni. Òfin yìí náà ló dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2011. Láti ọdún 2017 ni JAMB náà sì ti ní ètò lọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Èyí fi hàn pé àtúnṣe ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń gbé e rìn.

4. BÁWO LA ṢE Ń BÉÈRÈ?

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, gbọ́ àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí.

(i) Gba ìwé ẹ̀rí. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ tàbí ọ́fíìsì àwọn olùdámọ̀ràn. Wọ́n lè fi ọ́ ránṣẹ́ sí UCH ní Ìbàdàn, sí Aro ní Abẹ́òkúta, tàbí sí Yaba ní Èkó. Má ṣe jẹ́ kí orúkọ Aro dẹ́rù bà ọ́. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó lọ ṣe àyẹ̀wò kò di wèrè. Mú òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó mọ ìgbà èwe rẹ dání, nítorí wọn yóò béèrè ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àti bí o ṣe ń bá àwọn ọmọdé ṣeré.

(ii) Kọ ohun tó ń dí ọ lọ́wọ́ sílẹ̀. Má ṣe kọ "ìwé le." Kọ ọ́ ní pàtó: "Ariwo inú gbọ̀ngán ìdánwò kì í jẹ́ kí n lè ka ìbéèrè." Lẹ́yìn náà, kọ ohun tó lè tún un ṣe sí iwájú rẹ̀. Àwọn àtúnṣe tí wọ́n sábà máa ń ṣe nìwọ̀nyí: àfikún àkókò nínú ìdánwò, yàrá kékeré tí kò láriwo, àga tó wà níwájú tàbí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àṣẹ láti gba ohùn olùkọ́ sórí fóònù, ìkéde tí a kọ sílẹ̀, dídá iṣẹ́ ṣe dípò iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, tàbí kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yan ẹgbẹ́ fún un, yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì tí èrò kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ni wọ́n sábà máa ń fi kún un: ìdánwò wákàtí 2 á di wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 30.

(iii) Mọ ilẹ̀kùn tí o máa kàn. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn fún ọdún tí o wà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ; lẹ́yìn rẹ̀, díìnì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ bá ní ọ́fíìsì fún àwọn akàndá ẹ̀dá, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ.

(iv) Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ. Jẹ́ kí akọ̀wé ọ́fíìsì fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tìrẹ.

(v) Lọ lásìkò. Ọ̀sẹ̀ kejì tí sáà bẹ̀rẹ̀ ló dára jù. Ẹni tó dúró títí èsì fi jáde, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ẹni tó lọ ṣáájú, ẹ̀tọ́ ló ń béèrè.

Fún ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, ó lè rí báyìí:

"Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì ni mí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín. Dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé mo ní ọ́tísíìmù. Ìwé rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Ó máa ń ṣòro fún mi láti ronú níbi tí ariwo bá pọ̀, n kì í sì í tètè gbọ́ nígbà tí wọ́n bá yí ibi ẹ̀kọ́ padà. Mo bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mẹ́ta: kí n máa ṣe ìdánwò ní yàrá kékeré, kí wọ́n fi àkókò díẹ̀ kún tèmi, kí wọ́n sì máa fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìbéèrè tí àwọn yòókù ń dáhùn ni èmi náà fẹ́ dáhùn. Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà náà kò gùn, kò sunkún, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí sísọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá bá ṣòro fún ọ, mú ọ̀rẹ́ kan tàbí ẹ̀gbọ́n kan dání, kí o fi lẹ́tà lé wọn lọ́wọ́, kí o sì jẹ́ kí ìwé náà sọ̀rọ̀.

5. ṢÉ OJÚSÀÁJÚ KỌ́ NI?

Àwọn kan á ní, "Ṣé gbogbo wa kọ́ ni ariwo ń yọ lẹ́nu? Kí ló dé tí tirẹ̀ fi yàtọ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa bá lo awò wọ gbọ̀ngán ìdánwò, ẹnikẹ́ni kì í ní ó ń jí ìwé wò. Awò náà kò kọ ìdáhùn fún un. Ó kàn jẹ́ kó rí ìbéèrè ni. Bákan náà ni àfikún àkókò àti yàrá tí kò láriwo. Wọn kò dín ìbéèrè kù, wọn kò sì fi máàkì kún máàkì. Ìka kò dọ́gba, síbẹ̀ ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ẹ wo Temple Grandin, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1947. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ màlúù àti ohun èlò tí wọ́n fi ń há wọn mọ́ gbà á lọ́kàn débi pé àwọn kan rí i bí ohun tí kò dára. Olùkọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, William Carlock, kò ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní kó lọ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wádìí rẹ̀. Ní ọdún 1989, ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ní Yunifásítì Illinois, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Colorado State University. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

6. OJÚṢE ÀWA ẸLẸGBẸ́

A kò gbọdọ̀ fi gbogbo ẹrù náà lé ẹni tó ní ọ́tísíìmù lórí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀:

Bí ẹ bá ń pín ara yín sí ẹgbẹ́ fún asáìnmẹ́ǹtì, ẹ pe ẹni tó dá jókòó, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ kan pàtó. Bí wọ́n bá yí ibi ẹ̀kọ́ padà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ sọ odidi ọ̀rọ̀ fún un, ẹ má sọ ààbọ̀. Bí kò bá kí yín, ẹ kí i. Bó bá dìde kúrò nínú ìpàdé wa nítorí ariwo gbohùngbohùn, ẹ má sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lágbára. Ẹ má ṣe sín in jẹ. Bó bá sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ hàn yín, kó má ṣe gba etí yín dé ojú pátákó ìkéde. Òun nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́, dókítà àti agbẹjọ́rò lọ́la, ẹ rántí ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dúró síwájú tábìlì yín, tí kò wo ojú yín, tó sì na ìwé kan sí yín. Ó ti lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè rin ìrìn yẹn. Ẹ gba ìwé náà, kí ẹ kà á.

Kí Ọlọ́hun Ọba ṣe ìmọ̀ ní àǹfààní fún wa, kó má sì jẹ́ kí a jẹ́ ìdènà lójú ọ̀nà ẹni tó ń wá a. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ nǹkan mẹ́ta nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó lè ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọ́tísíìmù, bó tilẹ̀ mọ ìwé.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì ní Amẹ́ríkà lórí ẹni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìrànlọ́wọ́?
3. Kí ni òfin ọdún 2018 ti Nàìjíríà sọ nípa ẹni tó bá fi ìyà jẹ akàndá ẹ̀dá?
4. Kí ló dé tí a fi ní kí a kọ ìbéèrè wa sílẹ̀, kí a sì lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà?
5. Báwo ni o ṣe máa dá ẹni tó ní àfikún àkókò jẹ́ ojúsàájú lóhùn?
6. Nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín, kí lẹ lè yí padà kí ìpàdé yín lè gba irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ra?